Ẹ Má Fi Nẹ́pà Dá Ọkọ̀ Ojú Omi Dúró

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Omi Èkó ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, iṣẹ́ mílíọ̀nù 410 yúrò tí wọ́n ní yóò kó ọkọ̀ oníná tó lé ní 70 sórí ọ̀sà, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà á. Wọ́n ní ibi tí a kò ti rí iná fi lọ aṣọ ni wọ́n ti fẹ́ máa fi iná wa ọkọ̀. Ẹ̀rín náà kò sì parí sí Èkó. Ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó dé Ìlobù, ó dé Ìfọ́n, níbi tí ọ̀pọ̀ kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé wọn, síbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ dájú pé èyí tó bá ń fi iná rìn kò lè dé ibi kankan.

Èmi kò bá wọn rín in. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ẹjọ́ ìjọba Èkó rò o. Ọkọ̀ ńláńlá tí wọ́n fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rà á ná, ká máa wò ó. Ọkọ̀ kékeré ni tèmi: ọkọ̀ onígbòkun tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30 lọ, tó gbé ẹ́ńjìnnì dísù sínú fún ìgbà tí atẹ́gùn bá kú, àti ọkọ̀ apẹja tó gbé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré kọ́ ìdí. Mo ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ epo nílẹ̀ yìí, kó tó kan mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, kó tó kan ọ̀kadà. Mo sì ní àìsí iná Nẹ́pà tí gbogbo èèyàn ń fà yọ bí ẹ̀rí kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Odò Ẹrinlẹ̀ tó gba ọ̀dọ̀ Ìlobù kọjá kì í ṣe odò tí èèyàn ń ta ìgbòkun lórí rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n bọ ọ́ tó. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, lọ́nà Ẹdẹ, wọ́n sé odò yẹn, ó sì di adágún. Àwọn apẹja ń tukọ̀ lórí rẹ̀, omi ẹ̀rọ tó yẹ kó máa wá sílé àwọn èèyàn agbègbè yìí sì ń ti ibẹ̀ wá, lọ́jọ́ tó bá wù ú láti wá. Nítorí náà, ohun tí ẹnikẹ́ni bá dà sínú adágún yẹn kàn mí dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ̀sùn kan ni pé eré ọwọ́ òyìnbó ni, nǹkan tuntun tí àwọn tí owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn fi ń najú. Ó dára. Ní ọdún 1838, Moritz Jacobi fi ẹ̀rọ oníná wa ọkọ̀ lórí odò Neva ní St. Petersburg, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, èèyàn bíi méjìlá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel fi orúkọ ara rẹ̀ pè kò tíì sí láyé nígbà náà. Ọdún 1897 ló tó rí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ dáadáa gbé jáde ní Augsburg. Níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago ní 1893, ọkọ̀ oníná tó lé ní 50 ló ń gbé èrò kiri. Láti 1909 ni àwọn ọkọ̀ tó ń gbé àlejò lórí adágún Königssee, ní gúúsù Jámánì, ti ń fi bátìrì rìn. Ọdún 1909! Lugard kò tíì da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Bí a bá ń wá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, dísù ni àbúrò.

Kí ló wá dé tí dísù fi gbapò? Bátìrì ìgbà náà wúwo bí òjé, torí òjé ni wọ́n fi ṣe é, epo rọ̀bì sì pọ̀ bí omi. Méjèèjì ti yí padà. Iye owó bátìrì lítíọ̀mù lágbàáyé ti já wálẹ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ láti 2010. Ní ti epo, kò sí ẹni tí mo fẹ́ kọ́ ní ìtàn rẹ̀ nílẹ̀ yìí: lítà dísù kan kò tó náírà 300 nígbà tí 2022 bẹ̀rẹ̀, kó tó di àárín ọdún yẹn ó ti lé ní 700. Bẹntiróòlù kò tó 200 ní ilé epo ìjọba kó tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ẹ bá sì rò pé èmi nìkan ni mo ń lá àlá, ẹ wo Yamaha tí orúkọ rẹ̀ wà nídìí ọkọ̀ káàkiri omi wa láti Àgbádárìgì dé Ìgbókòdá. Ní 2024, Yamaha ra Torqeedo, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì oníná fún ọkọ̀ kékeré láti 2005. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì epo fún wa ti mọ ibi tí ọjà ń lọ. Àwa tí a ń rà á la ń ṣe alágbàwí epo fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ náà gan-an, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì dísù kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Táǹkì epo á lọ, páìpù èéfín á lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi wọlé láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára náà á lọ, wọ́n á sì dí ihò tí ó ń gbà wọlé pa, ihò kan tó dín kù nínú ìdí ọkọ̀ nìyẹn. Ọ̀pá irin tó gùn lọ bá àbẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi yóò wà níbi tó wà. Ẹ̀rọ oníná tí ẹnì kan lè dá gbé ni wọ́n á wá so mọ́ ọ̀pá náà. Bí ẹ̀rọ yìí bá yára ju ohun tí àbẹ̀bẹ̀ lè gbà lọ, wọ́n á fi bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ irin méjì tí kò tóbi bákan náà dín eré rẹ̀ kù. Bátìrì á bọ́ sísàlẹ̀, sí agbede méjì ọkọ̀, kí ìwúwo rẹ̀ máa bá ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Fíúsì ńlá kan gbọ́dọ̀ wà létí bátìrì, kì í ṣe lápá ibòmíràn, torí bí wáyà méjì bá kan ara wọn níwájú bátìrì lítíọ̀mù, wáyà náà á ti pọ́n kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ojú wáyà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á fi gírísì pa, torí iyọ̀ ọ̀sà kì í fojú rere wo bàbà. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ẹni tó ń so sólà mọ́lé ní Òṣogbo lónìí kò lè kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àmọ́ ibi tí àríyànjiyàn wà gan-an ni agbára. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọkọ̀ yóò fi bátìrì rìn, tirela ló ń rò, bó ṣe ń fi gbogbo ara gun òkè. Orí omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ agbára lórí omi ni eré sísá. Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá, tí kì í fò lórí rẹ̀ bí àwọn ọkọ̀ eré tó ń kó èrò Ìkòròdú, gígùn rẹ̀ ló fún un ní ìwọ̀n eré tó lè sá. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ bàtà 20 rẹ̀ wà nínú omi, agbára káká ni yóò fi kọjá kìlómítà 11 ní wákàtí kan, kódà bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì tirela lé e. Àti kó tó dé ibẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tí ẹ máa san fún un yóò sún mọ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Ìlọ́po mẹ́jọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ yí i padà: ẹni tó bá gbà láti dín eré kù sí ìdajì, ìdá méje nínú mẹ́jọ agbára tó ń ná ní wákàtí kan ló fi sápò.

Nítorí náà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ní kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan, kò nílò ju bíi kílówáàtì kan lọ. Ẹ mọ ohun tó tún ń jẹ kílówáàtì kan? Áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an. Ohun tó ń na kọ́là agbádá yín ló tó gbé apẹja, àwọ̀n rẹ̀ àti ẹja rẹ̀ kọjá lórí adágún Ẹrinlẹ̀.

Bátìrì lítíọ̀mù oní-vólìtì 48 tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ilé báyìí, èyí tí wọ́n kọ 100Ah sí lára, gba nǹkan bíi yúníìtì iná márùn-ún, irú yúníìtì tí ẹ ń rà sí mítà ilé yín. Ẹ má fà á gbẹ, ẹ lo mẹ́rin nínú rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn, kìlómítà 24, láìtíì ta ìgbòkun. Bí atukọ̀ kan náà bá ní kìlómítà mẹ́wàá ní wákàtí kan ni òun ń fẹ́, bátìrì yẹn kò ní pé wákàtí kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà tí yóò rìn kò sì ní tó kìlómítà mẹ́wàá. Omi kan náà, ọkọ̀ kan náà, bátìrì kan náà. Ìkánjú nìkan ló yàtọ̀. Gbogbo ìtàn tí mo ti gbọ́ pé wọ́n gbìyànjú ẹ́ńjìnnì oníná tí kò sì gbé wọn débì kan, nígbà tí mo bá wádìí rẹ̀ dópin, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ fi bá ọkọ̀ eré díje.

Ọkọ̀ onígbòkun tilẹ̀ tún dára sí i ju ti apẹja lọ, torí kì í lo ẹ́ńjìnnì lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ìgbà tó bá ń kúrò ní ebúté, ìgbà tó bá ń wọlé, àti ìgbà tí atẹ́gùn bá dákẹ́ ló ń tan án. Síbẹ̀, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 30 sábà máa ń ru ẹ́ńjìnnì dísù họ́ọ̀sì páwà 15 sí 20 kiri nítorí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Dísù kì í sì í fẹ́ irú ìlò bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ń tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó pa á, láìjẹ́ kó gbóná dáadáa, èédú á máa dì sí i nínú, yóò sì máa ṣàìsàn tí mẹkáníìkì yóò fi ra ilẹ̀. Ẹ̀rọ oníná kò bìkítà. Nígbà tí ìgbòkun bá ń fa ọkọ̀ dáadáa, omi tó ń ṣàn kọjá lè máa yí àbẹ̀bẹ̀ náà, kí ẹ̀rọ sì máa dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Díẹ̀ ni mo wí o, ó sì máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà kankan sọ fún yín pé ẹ ò ní ra iná mọ́ láé nítorí ìyẹn.

A sì ní ìgbòkun. Ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ni. Lagos Yacht Club wà ní Èkó láti 1932, ṣùgbọ́n ẹ fi àwọn ọlọ́lá sílẹ̀. Àwọn apẹja Mákòókò, àti àwọn ará Ganvié lórí adágún Nokoué nílẹ̀ Benin, ṣì ń rán àpò àti ọ̀rá pọ̀ mọ́ra wọn fi ṣe ìgbòkun. Àwọn tó ti mọ̀ pé a kì í sanwó fún atẹ́gùn kò ní ṣòroó bá sọ̀rọ̀ oòrùn.

Ó ku Nẹ́pà. Ẹni tó bá ní kò sí iná, ẹ bá mi bi í pé iná ta ni. Ẹ rìn láti gbọ̀ngàn ọjà Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun dé Ìlobù, kí ẹ gbójú sókè. Páńẹ́lì wà lórí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí, ó wà lórí ti télọ̀, ó wà lórí ti ẹni tó ń ta omi tútù, ó wà lórí mọ́ṣáláṣí, ó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dúró de Nẹ́pà kí wọ́n tó gé irun. Páńẹ́lì méjì oní-450 wáàtì, pẹ̀lú oòrùn wa tó ń mú dáadáa fún bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́, á kó tó yúníìtì mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin sínú bátìrì. Oṣù Kẹjọ á dín in kù, ọyẹ́ náà á dín in kù díẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí omi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lọ tò sí ilé epo.

Ká tilẹ̀ ní Nẹ́pà náà ni. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ, lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan, kó tó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. A pariwo, ó sì tọ́ ká pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó gọbọi yẹn kún bátìrì wa láti òfìfo dé ètè, pẹ̀lú èyí tó bá ṣòfò lójú ọ̀nà: kò ju náírà 1,250 lọ. Owó epo lítà kan àti díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì páwà 15, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, lè mu tó lítà mẹ́fà ní wákàtí kan. Lítà kan àti díẹ̀ kò ní gbé e dé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí n má bàa rẹ́ ẹ jẹ, bí wọ́n bá rọra wà á, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò lè pẹ́ dé wákàtí mẹ́rin.

Àwọn tí kò ní Nẹ́pà rí ni wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣí wa lójú. Nínú igbó Amasónì ní Ecuador, níbi tí kò sí títì, tí kò sí òpó iná, àwọn ará Achuar ti ń fi ọkọ̀ tó ní òrùlé sólà rìn láti 2017. Tapiatpia ni wọ́n pe èyí àkọ́kọ́. Ohun tó lé wọn débẹ̀ kò ju pé epo tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ òfúrufú ló ń gbé e wá, owó rẹ̀ sì ti kọjá agbára. Ní Kerala ní Íńdíà, níbi tí ọ̀sà àti ọ̀pẹ àgbọn ti pọ̀ bí ti Èpẹ́, tí òjò sì ń rọ̀ ju tiwa lọ, ọkọ̀ Aditya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2017: èrò 75, páńẹ́lì lórí òrùlé rẹ̀ lè mú tó kílówáàtì 20 wá, ẹ̀rọ méjì sì wà nínú rẹ̀. Ó ń ná ọ̀nà Vaikom, níbi tí ọkọ̀ dísù ti ń ṣiṣẹ́ kan náà tẹ́lẹ̀. Wọn kò dúró kí iná Íńdíà kọ́kọ́ pé.

Ẹnu yìí náà ni mo fi ń sọ pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀. Ẹni tó ń ti Ayétòrò ní Ìlàjẹ wọ òkun lọ, tí ìgbì ń bì lù ú, tí kò mọ wákàtí tí òun yóò padà, kó má tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó ń gun odò Ọya nígbà tí omi bá kún, tí ìṣàn omi nìkan ti tó kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan, ẹ̀rọ kílówáàtì kan yóò mú un dúró sójú kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ̀ èrò tó ní láti yára, ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn olówó yúrò. Mo sì mọ bí àwa náà ṣe máa ń ba nǹkan jẹ́: ẹnì kan yóò lọ ra bátìrì mọ́tò méjì tó ti gbó, olómi, yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ, yóò fà á gbẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bátìrì á kú, yóò sì wá jókòó sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu máa jẹ́rìí pé irọ́ ni. Bátìrì olómi kì í ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn, ìdajì rẹ̀ ló ṣeé lò kó má bàa bàjẹ́, ó sì wúwo. Kí ó má jẹ́ irú rẹ̀ ni a ó fi dájọ́.

Owó ńkọ́? Níbí ni àwọn alátakò ti ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, mi ò ní ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Bátìrì tí mo ṣàpèjúwe yìí ti lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ̀rọ náà àti ohun tó ń bá a rìn lè gba tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apẹja wo ló ní i? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka owó tí kò ṣeé rí pọ̀. Ẹni tó bá ń lo lítà márùn-ún lójúmọ́, ká fi owó rẹ̀ sí 900 péré, tó ń lọ sódò ní ọjọ́ 25 lóṣù, náírà 112,500 ló ń dà sínú ẹ́ńjìnnì lóṣooṣù. Ọdún kan, 1,350,000. Kò tíì ra ọ́ìlì, kò tíì ra pọ́lọ́ọ̀gì. Owó náà wà. Wẹ́wẹ́ ló ń jáde ni, torí náà kò dun ni bí èyí tí a kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì lítíọ̀mù tó dáa sì lè gba kíkún àti gbígbẹ bíi 3,000 ìgbà. Ẹ fi ọjọ́ pín in.

Ní Kẹ́ńyà, létí adágún Victoria, àwọn apẹja kan kì í ra bátìrì rárá. Yíyá ni wọ́n ń yá a: wọ́n á gbé èyí tó kún lọ sójú omi, wọ́n á dá èyí tó gbẹ padà síbi tí sólà wà, wọ́n á sì san owó ìlò. Kí ló wà nínú ìyẹn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò lè ṣe? Ilẹ̀ tó mọ àjọ, tó mọ èésú, tó mọ bí ogún èèyàn ṣe ń kówó jọ ra ilẹ̀, ni wọ́n ń sọ fún pé bátìrì kan ti wọ́n jù. Báńkì kò ní yá apẹja lówó, mo mọ̀. Àjọ kò bi báńkì léèrè rí.

Ọ̀rọ̀ omi tí a ń mu ló tún gbé mi dìde jù. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń po bẹntiróòlù mọ́ ọ́ìlì fún kì í jó gbogbo epo tó mu. Ìdá kan nínú mẹ́rin lè gba inú rẹ̀ kọjá láìjó, kó sì bọ́ sómi pẹ̀lú èéfín. Ẹ bá wọn dúró létí omi níbi tí wọ́n bá ti ń tan án lówùúrọ̀, ẹ ó rí àwọ̀ òṣùmàrè tó máa tẹ́ lórí omi lẹ́yìn rẹ̀. Lórí òkun, omi pọ̀ tó láti gbé e mì. Lórí adágún tí a ń fa omi mímu nínú rẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ni. A ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀: àwọn awakùsà góòlù dà á rú títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ní láti kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn tó ń bọ̀ síbi ọdún Ọ̀ṣun má ṣe mu omi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tukọ̀ lórí adágún Ẹrinlẹ̀ ṣì ń lo àjẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì epo tó pọ̀ níbẹ̀, kí oníná ti gbà á. Ó rọrùn láti dènà ju láti lé jáde lọ.

Àti ariwo. Ilẹ̀ Àyàn ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, onílù àti ọmọ onílù la fi ń ráyé. A mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró àti ariwo ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ẹni tó bá ti jókòó wákàtí mẹ́ta ti ẹ́ńjìnnì dísù nínú ọkọ̀ kékeré mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ etí mọ́, pé orí a sì máa fọ́. Ẹja náà ń gbọ́ ọ.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kéré. Kí wọ́n má san owó ọkọ̀ ńlá kankan nítorí mi. Federal Polytechnic wà ní Ẹdẹ láti 1992, adágún Ẹrinlẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń ya àwòrán ẹ̀rọ sínú ìwé tí wọn kò ní rí tí yóò yí. Ẹ fún wọn ní ọkọ̀ apẹja kan, ẹ̀rọ oníná kan, bátìrì kan, páńẹ́lì méjì. Kí apẹja gan-an ló máa wà á, kì í ṣe olùkọ́. Kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: wákàtí tó lò, ọ̀nà tó rìn, iye iná tó kù, ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó tún un ṣe. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tí kùrukùru bo oòrùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọjọ́ tó wu wá la yàn.